Ọwọ́ Tí Ràímì Kò Fẹ́ Fọ̀

Àsíátù gbé ọkà kalẹ̀, ó bu ọbẹ̀ ilá lé e, ó gbé igbá omi tì í, ó sì pe ọmọ rẹ̀ bó ti máa ń pè é láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Ràímì, wá fọwọ́, wá jẹun."

Ràímì wá, ó jókòó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Mú ọwọ́ wá."

Ó mú òsì wá.

"Èyí tí o fi ń jẹun ni mo ní."

Ó mi orí. Ràímì tí kì í jẹ́ kí ọkà tutù, tó jẹ́ pé bí ìyá rẹ̀ bá ṣí ìkòkò, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ààrò, ó ń wo oúnjẹ, kò sì fẹ́ fọwọ́. Àsíátù kò bá a jà. Ó sún mọ́ ọn, ó fa ọwọ́ náà jáde jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa àgùntàn jáde nínú oko olóko.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n fún osùn. Ẹfun wà ní ìdí èékánná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú kí Àsíátù da igbá omi nù. Àtàǹpàkò ni. Aró ti mu àtàǹpàkò náà láti orí dé oríkèé, ó dú, ó ń dán.

"Ta ló tẹ̀ ọ́ níka?"

Inú Ràímì dùn pé wọ́n bi òun léèrè. "Bẹ́nà," ló wí. Bó ṣe ń pe Bernadette nìyẹn, obìnrin tó ń kó irú wọn jọ ní lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé àwọn ọmọdé, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.

"Bernadette ló tẹ̀ ọ́ níka?"

"Tẹ̀," ni Ràímì wí. Ó dá ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ó tẹ̀. Ó tẹ̀ gan-an."

Ara Àsíátù tutù.

Ẹni tó bá gbé Adja-Ouèrè nígbà náà yóò mọ ìdí rẹ̀. Dàhòmì kò tíì pé ọdún méje tó gba òmìnira, ìjọba sì ti ń pààrọ̀ ní Kútọnu bí ẹni ń pààrọ̀ aṣọ. Èyí tó bá dé, á gbé ìwé tirẹ̀ dé. Ẹni tí kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló fi ń fọwọ́ sí i: á tẹ̀ ẹ́ mọ́ tàdáwà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ ti bàbá kan ní Oko-Akarè tó tẹ̀ka sí ìwé tí wọ́n ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Nígbà tí òjò dá tó lọ sóko, ẹlòmíràn ló bá lórí ọ̀pẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá rí àtàǹpàkò tó dú, ó ti rí ilẹ̀ tó lọ.

Ràímì sì ní ilẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó rìn nígbà tó wà ní kékeré, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ó di ọkùnrin, irùngbọ̀n yọ, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ ń rìn lẹ́yìn ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń pọn omi, ó ń ṣa ẹyìn, kì í jalè, kì í jà. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní ọ̀dẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí, wọ́n á pè é ní ọmọ Ọlọ́run.

Kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó pe Àlàó, baálé agboolé wọn, ó ní: "Oko ọ̀pẹ etí omi, lójú ọ̀nà Ikpinlè, ti Ràímì ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ, wọ́n sì ní ẹnu láti fi tọrọ. Ràímì kò ní ju ọ̀pẹ lọ."

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀pẹ, Àsíátù á ní: "Èmi kò ní wà títí. Àwọn ọ̀pẹ yẹn ni ìyá tí yóò ṣẹ́kù fún un."

Ìyẹn gan-an ló rò pé ó ti lọ.

Àṣìṣe rẹ̀ ni, ó wí fún ara rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ ni Bernadette dé, ọmọ Ayọ̀délé káfíńtà ní Ikpinlè, tó ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ènìyàn ní Àjàṣẹ́. Ó ń wọ ilé dé ilé, ó ń béèrè bóyá wọ́n ní àgbàlagbà tí òye rẹ̀ kò yá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí àwọn ọmọ kì í lọ sí lékọ́ọ̀lù, wọ́n ti yá òun ní yàrá kan níbẹ̀. Kí wọ́n máa wá, kí wọ́n máa ya àwòrán, kí wọ́n máa mọ amọ̀.

Bíntù, aládùúgbò Àsíátù, dúró ní ẹnu ọ̀nà títí obìnrin náà fi lọ.

"Ìyá Ràímì, ẹni tó bá ń wá ọlọ́gbọ́n kiri, a mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó ń wá ọ̀dẹ̀ kiri, kí ló ń wá?"

"Ó ní àwòrán ni."

"Àwòrán. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n. Wọn ò sì ní gbowó?"

"Wọn ò ní gbà á."

"Mo ti mọ̀. Ohun tí wọn kì í gbowó lé lórí, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń gbà níbẹ̀."

Àsíátù kọ̀ nígbà náà. Ràímì ló gbà. Bernadette padà wá, ó mú èédú nídìí ààrò, ó fi ya ewúrẹ́ sí ara ògiri. Ràímì wo ewúrẹ́ ògiri, ó wo ewúrẹ́ tó so mọ́ èèkàn. Ó gba èédú lọ́wọ́ Bernadette, ó fi ìwo tí obìnrin náà gbàgbé kún un. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ta ló lè dá a dúró?

Igbá omi ṣì dojú dé nílẹ̀ nígbà tí Tìjání wọlé. Tìjání ni àbúrò bàbá Ràímì. Ó ń bá àwọn onímọ́tò rìn lọ sí Sakété, ó mọ ènìyàn, ó ní ohùn tó ń tu ni lára, kì í sì í wá láìmú bisikíìtì lọ́wọ́ fún Ràímì.

"Ìyàwó, o kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi."

Tìjání na bisikíìtì sí Ràímì. Ó rí ọwọ́ tó gbà á. Ó di ọwọ́ náà mú, ó yí i sí oòrùn.

"Kí ni mo rí yìí?"

Àsíátù nawọ́ sí àtàǹpàkò náà.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ níka," ni Tìjání wí.

"Ó ní Bernadette ni."

Tìjání wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọ́. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé mi ò sọ fún ọ? Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn ọlọ́gbọ́n kò fún wọn, wọ́n wá gba ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè sọ pé rárá. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?"

"Màá lọ bá a nísinsìnyí."

"Jókòó. Bí o bá lọ, yóò mọ̀ pé a ti mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé náà ti dé ọ́fíìsì ìjọba ní Pobè." Ó tẹ́ ìró ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni ń tẹ́ ẹní. "Ìwé ni wọ́n fi ń lé ìwé, ìyàwó. Màá ṣe ìwé kan tí yóò sọ pé ọ̀pẹ etí omi wà lábẹ́ ìtọ́jú mi, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ti ọ̀la, lẹ́yìn ìrun, màá mú un wá. Ràímì á tẹ̀ka sí i, ọkàn wa á balẹ̀."

"Ṣé kí n sọ fún Baálé?"

"Àlàó ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ kò dá ọ̀rọ̀ dúró mọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sì jẹ́ kó lọ síbẹ̀ mọ́."

Àsíátù dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ pàápàá. Àwọn àgbà ní ojúlé tí a ń ṣọ́ kọ́ lolè ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tí àyà bá ń já?

Ó fi ọṣẹ àti iyẹ̀pẹ̀ bó àtàǹpàkò náà títí aró fi ṣí. Ràímì kò jẹ ọkà ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó ń wo ìka rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n jí nǹkan níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tún dé. Ràímì jí, ó wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́, ó wá sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ti gbé àpótí sí ibẹ̀, ó jókòó lé e.

"Bẹ́nà," ni Ràímì wí.

"Kò sí Bẹ́nà lónìí."

Ó dúró. Ó dúró títí oòrùn fi gun òrùlé. Nígbà tó yá, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àsíátù gbọ́ pé omi ń dún, ó lọ wò ó.

Ràímì ti ọwọ́ bọ kete omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri amọ̀. Ibi tí omi kàn dú, ọwọ́ kan hàn pẹ̀lú ìka márùn-ún. Oòrùn pa á rẹ́. Ó tún ti ọwọ́ bọ omi, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí ibì kan náà. Òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn. Kí ó tó dé ti ìkẹrin, ti àkọ́kọ́ ti lọ. Ó ń sáré padà sí i, òógùn ń já sí i lójú.

"Ràímì, kí lò ń ṣe?"

Ó tọ́ka sí ọ̀kan tó dà sí ẹ̀gbẹ́, tó ń gbẹ lọ lójú wọn. "Ó tẹ̀," ló wí. Ó ń sunkún. "Ó tẹ̀, ó ń lọ."

Kò yé Àsíátù. Ṣùgbọ́n ó rí i pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi tipá mú ló ń ṣe báyìí. Tìjání ní kó má lọ. Síbẹ̀, Àsíátù wé gèlè mọ́ orí, ó ní kí Bíntù bá òun wo Ràímì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ gba ìwé ọmọ mi."

"Bí o bá débẹ̀, má mu omi wọn," ni Bíntù wí.

Kò wọlé tààrà. Ó gba ẹ̀yìn lékọ́ọ̀lù, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó yọjú lójú fèrèsé bí olè. Ó ń wá tàdáwà, ó ń wá òǹtẹ̀ ìjọba, ó ń wá ọkùnrin tó dé fìlà ọ́fíìsì. Ènìyàn mẹ́fà ló rí nílẹ̀ lórí ẹní. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn, Félicité, ọmọ ìjọ Àgùdà, ẹni ogójì ọdún tí Àsíátù kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Félicité ń fi amọ̀ mọ ẹyẹ. Ó mọ ọ́n tán, ó fi ìyẹ́ adìẹ fa ìlà sí i lára, ó sì ń kọrin sínú.

Félicité kò ní ilẹ̀ kankan, àfi èyí tó dúró lé. Ọ̀rọ̀ Tìjání sọ sí Àsíátù lọ́kàn: ẹni tí kò bá ní ilẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

"Ìyá Ràímì," ni Bernadette wí láti inú ilé, "ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Oòrùn wà níbẹ̀ yẹn."

Ojú tì í, ó wọlé. Kò jókòó.

"A ti ń retí Ràímì. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

"Mo wá gba ìwé tí ọmọ mi tẹ̀."

"Èwo nínú wọn, Ìyá?"

"Ó ju ẹyọ kan lọ?"

"Ó pọ̀. Bó bá ti tẹ ọ̀kan tán, á ní kí n mú òmíràn wá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ kó kù fún àwọn yòókù."

"O tún wá ń fi mí ṣẹ̀sín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bernadette. Ó wo obìnrin náà dáadáa, ó dìde, ó gbé ìdì kan sọ̀kalẹ̀ lórí pákó. Ìwé àpò sìmẹ́ńtì ni, wọ́n gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Àsíátù.

Kò sí ọ̀rọ̀ kan lára wọn. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rí ọwọ́ nìkan. Lẹ́yìn náà ló rí i pé wọ́n fa apá sí abẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú osùn, apá náà dúró bí igi, ìka márùn-ún sì ṣí lókè bí imọ̀. Àtàǹpàkò nìkan wà káàkiri ìsàlẹ̀, dúdú, kúkúrú: ọmọ ọ̀pẹ tí kò tíì ga. Aró àti ẹfun ń ṣàn nísàlẹ̀ pátápátá. Omi ni.

"Ọ̀kan wà tí mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ̀," ni Bernadette wí. Ó tọ́ka sí ọ̀pẹ kan tó dà sórí omi. "Mo fẹ́ fún un ní ìwé mìíràn. Ó bínú sí mi. Ó ní ó tẹ̀, ó tẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń wí títí di òní."

Àsíátù jókòó sílẹ̀ láìwá ẹní.

"Ọ̀pẹ ló tẹ̀," ló wí. "Ọ̀pẹ kan wà létí omi tó tẹ̀ báyẹn. Orí rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń gbé e jókòó sí nígbà tó wà ní kékeré." Ó fọwọ́ kan èyí tí kò ní ìka kankan lókè. "Èyí ni àrá pa. Mo rò pé kò mọ̀."

Ṣùgbọ́n ìfura kì í jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Osùn àti ẹfun ńkọ́? Kí lẹ fi ń bọ?"

"A ò bọ nǹkan kan, Ìyá. Ọ̀dà Kútọnu wọ́n, ó sì ń jó wọn lára. Aró tó wà lára aṣọ yín yìí, ọ̀dọ̀ aláró kan náà ni mo ti rà á. Osùn tí ẹ fi pa Ràímì nígbà tí ẹ bí i náà ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo wá sílé yín wá mú un, mi ò pè yín wá wo ibi tí mo ń mú un lọ. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún àlejò báyẹn, tí kò ní fura?"

"Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Kò ní jẹ àwòrán."

"Ẹ wo Félicité. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, aṣọ ló fi ń bojú. Lóṣù tó kọjá, ó mọ orí kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí náà wú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mọ òmíràn, ó tún wú. A wá ya ẹnu rẹ̀ wò. Eyín ti jẹrà nínú rẹ̀. Láti ìgbà wo ló ti ń jẹ ìrora náà? Ilé wọn ò mọ̀, wọ́n kàn ní kì í jẹun ni." Ó kó àwọn ìwé náà jọ. "Ohun tí ẹnu wọn kò lè gbé, ọwọ́ wọn ń gbé e. Ìyẹn nìkan ni àǹfààní tí mo mọ̀."

Nígbà náà ni Àsíátù sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó má sọ: ìwé Tìjání, ti ọ̀la, lẹ́yìn ìrun.

Bernadette jókòó tì í. "Mi ò mọ ọkọ yín, mi ò sì ní pè é ní olè. Ìwé kì í burú nítorí pé ó jẹ́ ìwé. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n kà á sókè kí Ràímì tó tẹ̀ka, lójú baálé yín, kí ẹni tó mọ̀wé tí kì í ṣe ẹbí kà á. Ìwé rere kì í sá fún ẹnu."

"Ìwọ wá kà á."

"Bí mo bá wá, wọ́n á ní mo wá gba ilẹ̀. Ẹ pe Lucien, tìṣà àwọn ọmọ kékeré."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tìjání dé pẹ̀lú bùbá funfun tó fi kírun. Ó bá Àlàó baálé lórí ẹní, ó bá Lucien lórí àpótí, Ràímì láàárín wọn. Ó dúró díẹ̀ kó tó bọ́ bàtà.

"Ìyàwó, mo ní kó o má sọ."

"Mi ò kéde, ọkọ mi. Mo kàn pe ẹni tó máa kà á fún wa ni."

"Jókòó, Tìjání," ni Àlàó wí. "Ìwé ìtọ́jú dáa. Etí mi ṣì ń gbọ́ràn."

"Baálé, ọ̀rọ̀ òfin ni. Faransé rẹ̀ le."

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú, ẹ̀gbọ́n," ni Lucien wí.

"Kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ná. Tàdáwà yìí ń gbẹ. A ó wá kà á, a ò kúkú lọ síbì kan." Tìjání ti tẹ́ ìwé sórí ẹní, ó ti ṣí agolo tàdáwà, ó na ọwọ́ sí àtàǹpàkò Ràímì.

Ràímì rí tàdáwà. Ojú rẹ̀ là. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ti fi ń wá a.

Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọwọ́ ló tì bọ agolo, gbogbo ọwọ́ ló tẹ̀ mọ́ ìwé. Ìka márùn-ún ṣí sórí ọ̀rọ̀ òfin. Ó tún tẹ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́.

"Ọ̀pẹ," ló wí. "Ọ̀pẹ Bàbá. Ó tẹ̀."

Tìjání já ọwọ́ mọ́ ìwé náà. Ọ̀pá Àlàó ti tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Lucien, ka èyí tó kù."

Lucien bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọ ojú láàárín imọ̀ sí imọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. "Baálé, ìka ti bo púpọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín méjì yìí, wọ́n kọ *vendu*."

"Kí nìyẹn?"

"Tà. Wọ́n ní wọ́n ti tà á."

Àsíátù ń wo ẹnu tó ṣèlérí láti dáàbò bo ọ̀pẹ ọmọ rẹ̀, ó sì rántí bisikíìtì gbogbo ọjọ́.

"Ó dáa," ni Tìjání wí. Ohùn tó ń tu ni lára ti lọ. "Kí ni ọ̀dẹ̀ fẹ́ fi ọ̀pẹ ṣe? Ẹ sọ fún mi. Kò mọ̀ pé òun ní in."

Àsíátù wọ yàrá, ó mú ìwé àpò sìmẹ́ńtì tí Bernadette fún un jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú Àlàó. Bàbá àgbà wò ó pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rìn lóko.

"Àrá ló pa èyí," ló wí. "Ọdún tí mo gbéyàwó kejì ni." Ó gbé ojú sókè. "Tìjání, ọ̀pẹ tó tẹ̀ sórí omi, bí a bá ti Ikpinlè bọ̀, ọ̀tún ló wà ni, àbí òsì?"

Tìjání wo ilẹ̀.

"Ràímì?"

Ràímì dìde. Ó dá gbogbo ara sí òsì, ó tẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Òsì ni," ni Àlàó wí. "Ẹni tó ni nǹkan ló mọ̀ ọ́n. Ìwé tí mi ò jẹ́rìí sí kò lè ta ọ̀pẹ rẹ̀."

Tìjání fa ìwé náà yọ lábẹ́ ọ̀pá, ó ká a sínú àpò àyà bùbá rẹ̀, ó wọ bàtà. Tàdáwà kò tíì gbẹ. Bíntù tó ń ti odò bọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, kèrègbè lórí.

"Ọkọ wa," ló wí, "ọ̀pẹ ti hù sí yín láyà."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ràímì lọ sí lékọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú èkùrọ́ àti òkúta tó fi ń pa á. Ó jókòó sí ẹ̀yìn yàrá, ó ń pa èkùrọ́, ó ń fi ojú kan ṣọ́ gbogbo wọn. Bernadette kò sọ pé kó lọ. Nígbà tí wọ́n délé, ó bu ọkà, ó gbé igbá omi kalẹ̀. Ràímì tún fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́. Àsíátù wo ọmọ rẹ̀, ó lọ sínú yàrá, ó mú ṣíbí jáde.

Ẹ̀yin ará, ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá wá gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ fura sí i, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìfura náà dé ibi tí wọ́n ń mú ọmọ lọ. Ẹ jókòó níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ibi tó bá dára kò ní lé òbí jáde. Ẹ má sì gbàgbé láti fura sí ohùn tó ń sọ pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn ẹbí.

Ẹ má jẹ́ kí àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni kan ìwé tí wọn kò tíì kà sókè lójú baálé àti lójú ẹni tó mọ̀wé. Bí ẹ bá fún irú ọmọ báyìí ní ilẹ̀, ẹ ṣe é lójú ẹlẹ́rìí, bí bàbá Ràímì ti ṣe.

Bí ẹ bá sì ní àgbàlagbà nílé tí òye rẹ̀ kò yá, ẹ má tì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ẹ̀kọ́. Ẹ fún un ní amọ̀, ẹ fún un ní aró, ẹ fún un ní èédú ìdí ààrò bí kò bá sí òmíràn. Ibi tí wọ́n bá ti ń kó wọn jọ, ẹ mú un lọ, kó rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ni kí ẹ máa pè é.

Kí ẹ sì tó fọ ọwọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà níbẹ̀.